Irin Ẹnu Ọ̀nà Bàbá Oyin

Ẹ súnmọ́ mi dáadáa. Ẹ fi àga sílẹ̀ fún àwọn tí orúnkún ń dùn, kí ẹ̀yin tí egungun yín ṣì le wá jókòó sórí ẹní níwájú mi. Ẹni tó pọn ọmọ kó sọ ọ́ kalẹ̀ kó fún un lọ́mú, nítorí ọ̀rọ̀ òní kò fẹ́ ẹkún ọmọdé, tèmi nìkan ti tó. Ìkòkò wà lórí iná lẹ́yìn ilé, mo pa awó mẹ́fà, iṣu sì ti ń hó, kò sẹ́ni tí yóò fi inú òfìfo kúrò níbí. Ṣùgbọ́n kí odó tó dún, òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu mi. Mo ti fi í pamọ́ fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, ó sì ti wú nínú mi bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Èmi Igbẹ́kọ̀yí, tí igbó kọ̀, tí ikú wò lẹ́ẹ̀mejì tó ní òun kò gbé, èmi ni mo hú irin ẹnu ọ̀nà Bàbárímisá, bàbá Oyin, kúrò níbi tó wà, tí mo lọ sin ín síbòmíì. Èmi ni. Kì í ṣe òjò, kì í ṣe àǹjọ̀nnú, kì í ṣe ọ̀kẹ́rẹ́. Mo rí i pé àwọn kan ti fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ má tíì bò ó, a kò tíì dé ibi tó burú. Oyin, ìwọ náà má dìde. Mo bẹ̀ ọ́, jókòó títí n ó fi sọ ọ́ tán, lẹ́yìn náà kí o ṣe mí bó bá ṣe wù ọ́.

Ẹ̀yin ará Glei tí Colette ọmọ Oyin kó wá, ẹ kò mọ̀ wá, nítorí náà mo máa là á yé yín. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, ẹni tó bá kọ́lé tuntun, kó tó gbé ilẹ̀kùn sí i, á sin irin kan sábẹ́ ẹnu ọ̀nà. Irin tó bá ní ni, irin tó bá fi ń ṣiṣẹ́ ni. Bí ilé bá wó, bí àwọn ènìyàn bá kó lọ síbòmíì, wọ́n á kó ìkòkò, wọ́n á kó ilẹ̀kùn, wọ́n á ká òrùlé pàápàá, ṣùgbọ́n irin ẹnu ọ̀nà kì í bá ènìyàn kó. Ibẹ̀ ló máa wà. A kò tilẹ̀ ní èèwọ̀ kankan tó sọ pé kí a má hú u, nítorí kò tíì sẹ́ni tí irú rẹ̀ sọ sí lọ́kàn rí. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi fura sí ẹnikẹ́ni. Ta ni ẹ ó fura sí? Ẹni tó máa ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọn kò tíì bí i lábúlé yìí. Wọ́n ti bí i o. Òun ló jókòó síwájú yín tó wé gèlè pupa.

Ìyá mi kú nígbà tí mo ṣì ń rákò. Bàbá mi, ẹ má bi mí léèrè, nítorí n kò mọ̀ ọ́n. Bàbárímisá ló gbé mi wọlé rẹ̀. Bàbá tirẹ̀ náà kú nígbà tó wà nínú oyún, òun ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ó sì máa ń sọ pé, “Ọmọ tí kò rí bàbá, èmi mọ bó ṣe ń rí.” Ó gbé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ Oyin, ọmọ rẹ̀. Àwo kan náà la fi jẹun, ẹní kan náà la sùn lé, ìgbálẹ̀ kan náà la fi ń gbá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láràárọ̀. Tí a bá dé àárín ẹnu ọ̀nà, á ní, “Ẹ rọra, ẹ má fi ìgbálẹ̀ lu ibẹ̀ yẹn, ọkọ́ mi ń sùn níbẹ̀.” Ọkọ́ tó fi ro oko rẹ̀ àkọ́kọ́ ló sin síbẹ̀, tó fi òrùka idẹ mẹ́ta sí i lọ́rùn. Gbogbo abúlé ló mọ̀ ọ́n. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á jókòó, á ní, “Oyin, dá a. Igbẹ́kọ̀yí, gbè é.” Orin tó kọ́ wa nìyí:

Ilé rẹ ò tilẹ̀kùn, Bàbárímisá,
àlejò wọlé, ó bá oúnjẹ lórí iná.
Bí wọ́n bá bi mí pé ta ló ni mí,
n ó nawọ́ sí ọ, n ò ní ṣìnà.

Ẹ gbọ́ ọ bí ohùn mi ṣe há? Bó ṣe wà láti ìgbà náà nìyẹn. Ohùn Oyin a máa jáde bí omi inú àmù tuntun. Tèmi ń gbè é. Fún ọgọ́ta ọdún, níbi ìkómọjáde, níbi òkú, níbi iṣu tuntun, Oyin á dá a, èmi á gbè é. Bí wọ́n bá fẹ́ kí wa, wọ́n á ní, “Oyin, o ṣeun o,” wọ́n á wá wò mí, wọ́n á ní, “Ẹ̀yin náà, ẹ kú iṣẹ́.” Ẹ̀yin náà. Mo ti jẹ́ ẹ̀yin náà láti ìgbà tí eyín mi pé títí di ìgbà tó ku mẹ́rin. Owú ni mo ń jẹ, ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ rẹ̀. Kì í ṣe owú ọkọ, ọkọ Oyin kò wù mí nígbà kankan, ó kúrú jù. Owú ohùn ni, àti owú bàbá. Nítorí bí Bàbárímisá bá pe Oyin, “ọmọ mi” ló máa sọ. Bó bá pe èmi, Igbẹ́kọ̀yí ló máa ń pè mí. Kò fi oúnjẹ dù mí rí, kò fi aṣọ dù mí rí, ṣùgbọ́n mo ń ka iye ìgbà tó pe “ọmọ mi,” mo sì mọ ẹni tó ń pè.

Abúlé wa àtijọ́ wà lẹ́sẹ̀ òkè lọ́hùn-ún. Ilé ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà Moretan dára, a kó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, òjò sì fọ àwọn ilé náà títí wọ́n fi di ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ kò lè rí ògiri kan níbẹ̀ mọ́, koríko ni. Apá òkè ibẹ̀ gbẹ, ó dára, ọ̀nà tuntun sì ti gba ibẹ̀ kọjá. Apá ìsàlẹ̀ wà lẹ́bàá odò, bí òjò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀pọ̀lọ́ ló ń gbé ibẹ̀. Lọ́dún tó kọjá lọ́hùn-ún, òjò wó ilé Oyin. Kò ní ọmọkùnrin, ilé ìdáná ìyá ọlọ́jà kan ló ń sùn, òun àti èéfín. Ó wá ní òun máa padà lọ kọ́ yàrá méjì sí ẹnu ọ̀nà bàbá òun, lápá òkè. Maurice, àbúrò olóògbé ọkọ mi, olórí ilé tí mo fẹ́ sí, ní rárá. Ó ní bàbá-bàbá òun ló ni òkè, pé ìsàlẹ̀ ni ti Bàbárímisá, òun sì fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì síbẹ̀. Maurice kò parọ́ o. Ohun tí wọ́n sọ fún un nígbà tó wà lọ́mọdé ló ń sọ. Ẹni méjì péré ló kù láyé tí wọ́n fi ojú ara wọn rí ilé náà nígbà tó dúró: Oyin àti èmi.

Lásìkò yẹn ni Ràṣídì ń rìn kiri ọ̀dọ̀ wa. Òun nìyẹn lábẹ́ igi máńgòrò, ọmọ Nàìjíríà tó ń ra irin àlòkù lọ́jà Atakpamé. Ó ní ọ̀pá gígùn kan tí nǹkan bí ìdérí ìkòkò wà nídìí rẹ̀, á di nǹkan mọ́ etí méjèèjì, á máa fì í lórí ilẹ̀ ní àwọn ahoro, níbi tí ilé ti wà rí. Mo bi í, mo ní, “Ràṣídì, kí ni ọ̀pá yẹn ń sọ sí ọ létí?”

“Orin ló ń kọ, Ìyá.”

“Orin kí ni?”

“Bó bá jẹ́ irin, ohùn rẹ̀ á wúwo bí ti akọ màlúù. Bó bá jẹ́ idẹ, á han bí ẹyẹ. Bó bá jẹ́ agolo sàdíìnì, á máa han bí ẹyẹ, á sọ pé idẹ ni òun, bíi ti àwọn obìnrin Atakpamé.”

“Ṣé ìyàwó rẹ ń gbọ́ ọ?”

“Òun ló kọ́ mi, Ìyá.”

Baálẹ̀ wa Ṣàngówáwa ló ronú kàn án. Ó ní kí Ràṣídì fi ọ̀pá rẹ̀ bá wa wá irin náà, nítorí kì í ṣe ọmọ wa, kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ibi tí ọkọ́ olórùka mẹ́ta bá wà, ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà Bàbárímisá, kí ẹjọ́ parí. Wọ́n fi í sí ọjọ́ kejì ọjà Moretan. Inú Oyin dùn débi pé ó dìde, ó da orin bàbá rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Baálẹ̀. Maurice, tó ń bá a ṣe ẹjọ́, tó jẹ́ ọkọ tèmi nínú ilé, ló mi orí tó ní, “Ẹjọ́ lọ́tọ̀, ohùn lọ́tọ̀. Ohùn yìí kò tíì gbó.” Ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ̀yin náà, ẹ gbè é dáadáa.” Ẹ gbọ́ ná. Nínú ilé tèmi. Nínú ẹjọ́ tí à ń bá a jà. Ibẹ̀ ni nǹkan náà ti wọ inú mi.

Lọ́jọ́ ọjà, gbogbo abúlé lọ sí Moretan. Mo ní ìdí ń ro mí. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, mo mú ọkọ́ kékeré, mo mú agbọ̀n bí ẹni tó ń lọ já ewé, mo gorí òkè. Ẹsẹ̀ mi mọ ibẹ̀ ju ojú mi lọ. Ọlọ ìyá Oyin ṣì wà nínú koríko, ó là sí méjì. Láti ọlọ yẹn, ìṣísẹ̀ méje sí ìhà ibi tí oòrùn ti ń là. Mo kúnlẹ̀, mo gbẹ́ ẹ. Kò jìn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ. Ọkọ́ náà ti dípẹtà, ó ti tín-ín-rín bí ewé, ṣùgbọ́n òrùka idẹ mẹ́ta náà wà lọ́rùn rẹ̀, aláwọ̀ ewé. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyẹn, àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ọwọ́ olè ń gbọ̀n, tèmi kò gbọ̀n. Orin ni mò ń kọ. Orin rẹ̀ ni mò ń kọ bí mo ṣe ń hú u, èmi ni mo ń dá a, kò sẹ́ni tó ń gbè é, ó sì dùn mọ́ mi. Mo gbé e sínú agbọ̀n, mo fi ewé bò ó, mo dí ihò náà padà, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹ̀bá odò, mo sin ín síbẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo fi koríko bò ó. Ní ìrọ̀lẹ́ òjò rọ̀. Mo ní, ẹ wò ó, òjò pàápàá ń ràn mí lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì gbogbo ènìyàn pé. Òkè ni Ràṣídì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí Oyin mú un lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Ọ̀pá náà kùn ní ohùn wúwo. Oyin ní, “Ṣé ẹ gbọ́.” Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọn kò rí nǹkan kan, àfi ilẹ̀ pípọ́n. Ràṣídì bu ilẹ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní, “Irin kan wà níbí rí o. Ó pẹ́ níbí. Ìpẹtà rẹ̀ ló mu ilẹ̀ yìí.” Maurice ní, “Ti bàbá-bàbá mi ni, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán.” Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀pá fi han bí ẹyẹ. Wọ́n gbẹ́ ẹ, ọkọ́ olórùka mẹ́ta jáde. Àwọn ènìyàn pariwo. Ràṣídì nìkan ni kò pariwo, ó ki ọwọ́ bọ inú ihò náà, ó tẹ ilẹ̀ ibẹ̀, ó ní, “Ilẹ̀ ibí yìí mà rọ̀. Kò sì pọ́n.” Maurice ní, “Ẹ̀bá odò ni. Ṣé o fẹ́ kó le bí orí rẹ ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ràṣídì wò mí. Mo wo ẹsẹ̀ mi, ẹrẹ̀ ti gbẹ sí èékánná.

Oyin wá yíjú sí mi, níwájú gbogbo wọn. Ó ní, “Igbẹ́kọ̀yí, àwa méjì la gbá ilé yẹn. Sọ fún wọn.” Ó dá a lójú pé ọ̀rọ̀ ti parí, nítorí èmi ni yóò sọ ọ́. Mo ní, “Oyin, ọjọ́ orí ti dé sí wa. Ìsàlẹ̀ ni à ń gbá. Ṣé o ti gbàgbé pé omi odò la fi ń tu ilẹ̀ kí eruku má sọ?” Ó la ẹnu láti fèsì. Kó má baà rí i sọ, mo da orin sílẹ̀:

Irin ò mọ irọ́ pa,
ẹnu ló ń ṣini lọ́nà.
Ọ̀pá ti kọrin tirẹ̀,
kí ohùn àtijọ́ lọ sinmi.

Àwọn obìnrin gbè é. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí wọ́n gbè mí. Ẹ má jẹ́ kí n fi irọ́ jẹ́wọ́ irọ́: inú mi dùn, mo jó, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sínú ihò. Wọ́n dá ọkọ́ náà padà sínú ihò ìsàlẹ̀, nítorí irin ẹnu ọ̀nà kì í bá ènìyàn lọ. Oyin di ẹrù rẹ̀. Colette ọmọ rẹ̀ wá fi sémíjàn gbé e lọ sí Glei, ó jókòó sẹ́yìn alùpùpù, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ lé itan. Kò wẹ̀yìn.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú dé? Ẹ fara balẹ̀. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, mo wọ ọkọ̀ ní Atakpamé, mo lọ sí Glei. Mo sọ fún àwọn ènìyàn pé àárò rẹ̀ ń sọ mí. Irọ́ ni. Mo fẹ́ lọ wò ó bóyá ó ti rù. Kò rù. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń ta àgbàdo sísè, ó ń kọrin, àwọn awakọ̀ sì ń dúró láìjẹ́ pé ebi ń pa wọ́n. Ẹnì kan nínú wọn wí fún mi pé, “Ìyá, abúlé kan náà ni ẹ̀yin àti ohùn yìí ti wá? Ẹ mà jẹ ayé o.” Mo rẹ́rìn-ín. Eyín mẹ́rin tó kù sí mi lẹ́nu ń dùn mí.

Oyin fà mí lọ sẹ́yìn àwọn àpò àgbàdo. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Igbẹ́kọ̀yí, kò sí Baálẹ̀ níbí, kò sí Maurice. Mo ṣì ń rí i pé òkè ni. Mo ń rí ọlọ ìyá mi níbẹ̀. Nígbà tí a kó kúrò, bàbá mi tún mú mi lọ́wọ́ padà lọ síbẹ̀, ó ní, ‘Ẹnu ọ̀nà wa nìyí, ọmọ mi, má gbàgbé.’ Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni, a jẹ́ pé bàbá mi purọ́ fún mi, tó dúró lórí ilẹ̀ onílẹ̀ tó purọ́ fún ọmọ rẹ̀. N kò lè máa fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọrin. Sọ fún mi. Ilẹ̀ kọ́ ni mò ń wá mọ́. Èwo ló ṣìnà, ojú mi ni, àbí bàbá mi?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹnu mi là. Mo fẹ́ sọ ọ́. Ó ti dé orí ahọ́n. Awakọ̀ yẹn sì fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀, ó yọ orí síta, ó ní, “Ìyá olóhùn, a dúpẹ́ o,” ó wá rí mi, ó ní, “Ẹ̀yin náà, ó dàbọ̀.” Ẹnu mi padé. Nígbà tó tún là, ohun tó jáde ni pé, “Ìsàlẹ̀ ni, Oyin. Bàbá kàn fẹ́ kí o rí nǹkan fi yangàn ni.” Ọ̀nà mẹ́ta ni mo fi pa á: mo hú irin rẹ̀, mo purọ́ mọ́ ọn lójú gbogbo ayé, ṣùgbọ́n níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí mi, tí ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi, ni mo ti sọ òkú tó fi àwo rẹ̀ bọ́ mi di òpùrọ́ níwájú ọmọ rẹ̀. Oyin ju ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ní, “O ṣeun. Ìwọ nìkan ni kò tàn mí.” Ó di àgbàdo mẹ́fà fún mi pé kí n máa jẹ lọ́nà. Mo jẹ ẹ́. Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀, mo jẹ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde lọ́dún yìí, èmi ni mo dá orin. A máa ń ki àwọn bàbá tó tẹ abúlé dó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn obìnrin á máa dáhùn. Oyin ti ránṣẹ́ láti Glei pé kí a má dárúkọ bàbá òun mọ́. Nígbà tí a dé ibi orúkọ rẹ̀, gbogbo obìnrin dákẹ́, wọ́n fo àlàfo náà bí ẹni ń fo kòtò, wọ́n wá bọ́ sórí orúkọ tó kàn. Èmi nìkan ni n kò lè fò ó. Ó kọlù mí nígbà náà pé n kò ní bàbá mìíràn. Oyin ní ìyá, ó ní Colette, ó ní ohùn. Èmi, ọkùnrin kan ṣoṣo tó gbé mi wọlé láyé yìí, mo ti fi ọwọ́ mi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú orin, owú ọmọ rẹ̀ ni mo rò pé mò ń jẹ. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí, mo lọ sílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo lọ bá Baálẹ̀ pé kó bá mi pe gbogbo yín, mo máa se oúnjẹ. Kò mọ ìdí rẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Ó ti jáde o. Ẹ wò mí, ara mi fúyẹ́, mo lè fò. Ẹ̀yin ọmọ kéékèèké, bí wọ́n bá ní kí ẹ máa gbe orin, ẹ máa gbè é. Orin tí kò lẹ́lẹ́gbè, ariwo ni. Bí owú bá wọ̀ yín nínú, ẹ tètè sọ ọ́ síta, kó tó mú ọkọ́. Ọkọ mi Maurice, mo bẹ̀ yín, mo fi irọ́ fún yín ní ilẹ̀. Baálẹ̀, mo bẹ̀ yín. Oyin, n kò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀ ọ́. Òkè ni. Ibi tí bàbá ti dì ọ́ lọ́wọ́ mú gan-an ni.

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn nìyẹn, mo sì ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè kà á. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, iṣu ṣì ń hó lórí iná. Ràṣídì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ilẹ̀ tí irin ti pẹ́ nínú rẹ̀ a máa pọ́n. Ṣùgbọ́n àlejò ni mí, mo ní kí onílé sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Èmi náà jẹ̀bi.” Baálẹ̀ gbé ọ̀pá rẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀. Oyin kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó ní, “Òkè ni?”

Mo ní, “Òkè ni.”

“Bàbá mi kò purọ́ fún mi?”

“Kò purọ́ fún ọ rí.”

Ó fi etí aṣọ nu ojú. Ó wá ní, “Dìde, ìwọ ẹlẹ́gbè burúkú. Mú ọkọ́.” Gbogbo abúlé tẹ̀lé wa, àti àwọn ará Glei. Ó ní kí n hú irin bàbá òun fúnra mi, kí n gbé e gun òkè fúnra mi, kí n kúnlẹ̀ sin ín síbi tí mo ti hú u. Mo ṣe gbogbo rẹ̀, orúnkún mi ń ké. Kò ràn mí lọ́wọ́. Nígbà tí mo tẹ ilẹ̀ lé e, ó ní, “Kí i.” Mo kí i. Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú.” Ràṣídì fi ọ̀pá rẹ̀ wá ìsàlẹ̀ wò, kò rìn ju ogún ìṣísẹ̀ lọ kó tó rí òòlù alágbẹ̀dẹ tó ti dípẹtà, ilẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí epo. Ti bàbá-bàbá Maurice tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ ni. Maurice wo odò, ó wo òòlù, ó ní, “Sìmẹ́ǹtì kò ṣeé tà níbí mọ́. Ẹja ni mo máa tà.” Baálẹ̀ ní kí Maurice àti àwọn ọmọ rẹ̀ po ẹrẹ̀ yàrá Oyin, Maurice ní òun ti fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

A padà sílé, odó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo gbé iyán síwájú Oyin, mo dúró. Gbogbo ènìyàn ń wo ọwọ́ rẹ̀, nítorí ní ọ̀dọ̀ wa a kì í jẹ oúnjẹ ẹni tí a kò tíì dárí jì. Ó wo iyán náà, ó wò mí. Ó ní, “Ó ní kókó.” Ó wá bù ú, ó jẹ, ó ní kí n fi ẹsẹ̀ awó kan sí i. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n ní, “Oyin, ọkàn rẹ mọ́, irú rẹ kò sí.” Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní, “Ẹ̀yin náà, ẹ kú iyán.” Mo jẹ́wọ́ èyí náà: owú ìdáríjì rẹ̀ gún mi níkùn níbẹ̀, nítorí bí mo bá tilẹ̀ ní kí n dárí ji ẹnì kan, n kò lè ṣe é kó dára tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n jẹun. Àwọn ará Glei di ẹran sínú ewé, wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, awakọ̀ ń sọ pé táyà kò ní gbé ikùn gbogbo wọn. Ràṣídì tú bẹ́líìtì, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé èjìká, ó lọ sí Atakpamé. Baálẹ̀ lọ, Maurice lọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ara wọn. Oyin kò lọ. Ó ní títí ògiri òun yóò fi gbẹ, yàrá mi ni òun máa gbé, kí n wá ẹní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan fún ara mi. Ó na ara sórí ẹní tèmi ní ọ̀sán gangan, ó sùn lọ, ó sì ń hanrun. Ìhanrun rẹ̀ pàápàá dùn ju orin mi lọ. Mo jókòó tì í, mò ń lé eṣinṣin kúrò lójú rẹ̀, mò ń jowú, mo sì yó.